Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ohun Tó Yẹ kí Ọkọ Mọ̀ Nípa Ìtọ́jú Àìrọ́mọbí àti Bí Yóò Ṣe Dúró Ti Ìyàwó Rẹ̀

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn ọkọ ní ilẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ́, máa ń béèrè léraléra nígbà tí oyún bá pẹ́ kó tó dé. Àwọn kan a béèrè ní gbangba, ọ̀pọ̀ a dúró di ìgbà tí àwọn ènìyàn bá ti tú ká. Àwọn tó rọrùn ló ṣáájú, àwọn tó le ló kẹ́yìn. Ìdáhùn wọ̀nyí kò dípò dókítà tó ń tọ́jú yín.

Ìgbà wo ló yẹ kí a lọ rí dókítà?

Bí tọkọtaya bá ti ń bá ara wọn lò pọ̀ déédéé fún odindi ọdún kan láìlo ohun ìdènà oyún kankan, tí oyún kò sì dúró, àkókò ti tó. Bí ìyàwó bá ti lé ní ọmọ ọdún 35, oṣù mẹ́fà ti tó, nítorí pé bí ọjọ́ orí obìnrin ṣe ń ga sí i ni ẹyin rẹ̀ ń dín kù, tí èyí tó ṣẹ́ kù náà sì ń dẹ lágbára.

Kò pọn dandan kí ẹ dúró tó bẹ́ẹ̀ bí ohun kan bá wà tí ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀: bí nǹkan oṣù ìyàwó kì í bá wá déédéé, bí ẹ̀yin fúnra yín bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìpá rí, bí kórópọ̀n kan kò bá sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé, tàbí bí ẹnì kan nínú yín bá ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Kí ọkọ tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá tàbí Èkó, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé, sọ èyí fún dókítà pẹ̀lú. Ọdún kan lórí kàlẹ́ńdà lè má ju ìgbà mélòó kan lọ tí ẹ bá wo iye ọjọ́ tí ẹ jọ wà pọ̀ ní àkókò tí ẹyin ń jáde.

Ọjọ́ wo nínú oṣù ni oyún lè dúró?

Ọjọ́ mẹ́fà ni, ọjọ́ tí ẹyin bá jáde ló sì kẹ́yìn wọn. Àtọ̀ lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún ọjọ́ bíi mẹ́ta sí márùn-ún, ṣùgbọ́n ẹyin kì í lò ju wákàtí 24 lọ. Fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń wá ní ọjọ́ 28 síra, ẹyin sábà máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrìnlá, bí a bá ka ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ kọ́kọ́ yọ sí ọjọ́ kìíní. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ 32 síra, ọjọ́ kejìdínlógún ni kí ẹ máa wò.

Ìbálòpọ̀ ní ọjọ́ méjì-méjì ní àkókò náà ti tó. Àwọn ọkùnrin kan máa ń fi àtọ̀ pamọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí ó lè pọ̀ sí i, àmọ́ èyí tó bá pẹ́ jù nínú ara kì í lè rìn dáadáa mọ́. Itọ́ ẹnu àti ọ̀pọ̀ ìpara tí wọ́n ń tà fún ìbálòpọ̀ náà máa ń dí àtọ̀ lọ́wọ́ láti rìn, nítorí náà ẹ yẹra fún wọn.

Ṣé kì í ṣe obìnrin ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

Rárá. Àwọn méjèèjì ni kí wọ́n yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan náà, bí ó bá sì jẹ́ pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣáájú, ọkùnrin ni. Nínú nǹkan bí ìdajì gbogbo tọkọtaya tí oyún pẹ́ dé sí, ohun kan wà lára ọkùnrin tó dá kún un, yálà òun nìkan ni tàbí òun pẹ̀lú ti ìyàwó. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ ní ọdún 2023 pé nǹkan bí ènìyàn kan nínú mẹ́fà ni àìrọ́mọbí máa ń kàn ní ìgbà kan nínú ayé rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ègún tó já lu ilé kan ṣoṣo ládùúgbò.

Ẹ wo ohun tí ojú obìnrin ń rí níbi àyẹ̀wò. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ tó yàtọ̀ síra nínú oṣù kan náà. Wọ́n á ti irin ìṣàyẹ̀wò wọ ojú ara rẹ̀ fún síkáànù. Wọ́n á ṣe HSG fún un, èyí tí í ṣe pé wọ́n á tú oògùn gba ẹnu ilé ọmọ wọlé, wọ́n á sì ya àwòrán X-ray láti mọ̀ bóyá ọ̀nà tí ẹyin ń gbà ṣí, inú a sì máa run ún gan-an nígbà tí oògùn náà bá ń wọlé. Ti ọkùnrin kò ju kí ó da àtọ̀ sínú ike lọ: kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ìrora, owó rẹ̀ sì kéré sí ti HSG. Obìnrin tó ti ṣe HSG lẹ́ẹ̀mejì, tó ti mu oògùn amẹ́yin-jáde fún ọdún kan, tí ọkọ rẹ̀ kò tíì dé lábù rárá, ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Èrò tèmi ni pé kí dókítà má tilẹ̀ kọ oògùn kankan fún ìyàwó kí èsì ọkọ tó dé.

Ara mi le, mo sì ti bímọ rí. Kí ni wọ́n tún fẹ́ yẹ̀ wò lára mi?

Ọ̀tọ̀ ni agbára ìbálòpọ̀, ọ̀tọ̀ ni kí àtọ̀ ní irú ọmọ (sperm) nínú. Ìbọn lè dún dáadáa láìsí ọta nínú rẹ̀. Ọkùnrin tí nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ láìsí wàhálà, tí omi àtọ̀ rẹ̀ sì pọ̀ lójú, lè jẹ́ ẹni tí a kò ní rí irú kankan nínú omi náà bí a bá gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ. Nítorí náà kì í ṣe ẹ̀sùn akúra ni wọ́n fi kàn yín bí dókítà bá ní kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò.

Ọmọ tí ẹ bí ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn jẹ́rìí sí bí ara yín ṣe wà nígbà náà. Àìsàn, oògùn, iṣẹ́ àti ọjọ́ orí lè yí i padà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń gba àtọ̀ fún àyẹ̀wò?

Ẹ yẹra fún ìbálòpọ̀ àti ìdàtọ̀ fún ọjọ́ méjì sí méje ṣáájú. Lábù yóò fún yín ní ike kékeré tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀. Ọwọ́ ni ẹ ó fi mú àtọ̀ jáde, láìlo ọṣẹ, ìpara tàbí itọ́. Gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wọ inú ike náà, pàápàá èyí tó kọ́kọ́ jáde, nítorí pé ibẹ̀ ni irú ọmọ ti pọ̀ jù. Bí díẹ̀ bá dànù, ẹ sọ fún wọn, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kọ́ńdọ̀mù tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì kò ṣeé lò, nítorí pé ohun tí wọ́n fi ń ṣe é lè pa àtọ̀. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba fífi ọwọ́ mú un jáde lè béèrè fún kọ́ńdọ̀mù pàtàkì kan tí wọ́n ṣe fún àyẹ̀wò yìí.

Kò yẹ kó ju wákàtí kan lọ kí àtọ̀ náà tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, òtútù tàbí oòrùn kò sì gbọ́dọ̀ pa á. Ẹni tó bá da á sínú ike nílé ní Mọ̀pà, tó wá gbé e wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrin, ọ̀pọ̀ irú inú rẹ̀ lè ti kú kó tó débẹ̀, èsì búburú tí wọ́n bá fún un sì lè má jẹ́ òótọ́. Ibi àyẹ̀wò gan-an ni kí ẹ ti ṣe é. Lóòótọ́, ní ọ̀pọ̀ ibi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n máa ń júwe fún ènìyàn, ẹlòmíràn á sì máa kan ilẹ̀kùn kí ẹ tó ṣe tán. Ẹ pè wọ́n ṣáájú, kí ẹ béèrè bóyá yàrá wà, kí ẹ lọ ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ sì béèrè bóyá ìyàwó yín lè bá yín wọlé.

Kí ni ìtumọ̀ àwọn iye tó wà nínú èsì?

Nínú ìwé ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2021, òdiwọ̀n tó kéré jù fún ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ lóyún láàárín ọdún kan nìwọ̀nyí: omi àtọ̀ mìlílítà 1.4, irú ọmọ mílíọ̀nù 16 nínú mìlílítà kan, tàbí mílíọ̀nù 39 lápapọ̀, kí ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún máa mira, kí ìdá 30 máa rìn síwájú, kí ìdá 4 sì ní ìrísí tó pé. Ìdá 4 yìí máa ń já ọ̀pọ̀ ọkùnrin láyà nígbà tí wọ́n bá kà pé ìdá 95 irú wọn kò ní ìrísí tó dára, bẹ́ẹ̀ ara tó le ni wọ́n ń kà nípa rẹ̀.

Ẹni tí tirẹ̀ bá wà lábẹ́ òdiwọ̀n yìí ṣì lè bímọ, ẹni tí tirẹ̀ sì ga jù ú lọ lè pẹ́. Ibà lásán lè mú kí iye náà já wálẹ̀ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Nítorí náà bí èsì àkọ́kọ́ kò bá dára, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà lórí "sìtáàfù" (Staphylococcus) tí wọ́n máa ń kọ sínú èsì. Kòkòrò yìí ń gbé lára awọ gbogbo wa, ó sì rọrùn kí ó ti ọwọ́ bọ́ sínú ike. Àwọn ọkùnrin wà tí wọ́n ti gba abẹ́rẹ́ oríṣiríṣi nítorí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ẹnikẹ́ni kò sì wo iye irú ọmọ tó wà nínú èsì kan náà.

Kí ló lè mú kí àtọ̀ kéré tàbí kó má lágbára?

Èyí tí wọ́n máa ń rí jù nínú èyí tó ṣeé tọ́jú ni kí iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ẹpọ̀n wú, pàápàá ní apá òsì. Bí ọkùnrin bá nàró, tí dókítà sì fọwọ́ bà á, a dà bí ìdìpọ̀ okùn lábẹ́ awọ. Àtọ̀sí tí a kò tọ́jú dáadáa lè dí ọ̀nà tí àtọ̀ ń gbà. Ṣegede tó mú ọkùnrin lẹ́yìn tó ti bàlágà lè wọ kórópọ̀n. Ìtọ̀ ṣúgà lè mú kí àtọ̀ padà sínú àpò ìtọ̀ dípò kó jáde. Sìgá, ọtí àmujù, igbó àti sísanra jù náà wà níbẹ̀.

Iṣẹ́ wa ní apá ibí ní tirẹ̀. Ẹni tó ń fín kẹ́míkà sí oko kajú tàbí oko àgbàdo, tí táǹkì ẹ̀yìn rẹ̀ ń jò, tí omi kẹ́míkà sì ń ṣàn láti ẹ̀yìn wọ inú ṣòkòtò, tí kò sì ní bọ́ aṣọ náà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ń fi ara rẹ̀ wewu, nítorí pé àwọn kan nínú kẹ́míkà oko máa ń ba irú ọmọ jẹ́. Ẹ tún táǹkì náà ṣe, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà rọ́bà, kí ẹ sì wẹ̀ kí ẹ tó wọlé. Ooru náà ṣe pàtàkì: kórópọ̀n wà ní ìta ara nítorí pé ó nílò ìtutù díẹ̀ ju inú ara lọ. Ẹni tó ń jókòó sídìí iná búrẹ́dì tàbí sórí ẹ́ńjìnnì mọ́tò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ní láti sọ fún dókítà.

Ẹ mú gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹ má fúnra yín dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà dúró.

Ṣé abẹ́rẹ́ tẹstosterone tàbí àgbo kò lè ṣe é?

Abẹ́rẹ́ tẹstosterone, ìyẹn họ́mónù ọkùnrin, gan-an ni ẹ gbọ́dọ̀ sá fún. Ó lè mú kí ara ta kébékébé, kí iṣan yọ, kí ìfẹ́ ìbálòpọ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n bí ọpọlọ bá ti rí i pé họ́mónù yìí ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, yóò dẹ́kun láti máa rán kórópọ̀n níṣẹ́, irú ọmọ yóò sì dín kù, ó tilẹ̀ lè tán pátápátá. Bí wọ́n bá dá a dúró, ó lè gba oṣù mẹ́fà, ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó padà. Wọ́n ń tà á, wọ́n sì ń gún un fún ènìyàn ní àwọn kẹ́míìsì bí ẹni ń ta oògùn orí fífọ́, ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ó bí ènìyàn nínú ni.

Ní ti àgbo, kò sí ẹni tó lè sọ ìwọ̀n ohun tó wà nínú ìgò tí ẹ rà ní ibùdókọ̀. Ọtí ni wọ́n fi re púpọ̀ nínú wọn. Àwọn kan máa ń ba ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín jẹ́. Bí ẹ bá ti ń mu ún, ẹ sọ fún dókítà láìfi pamọ́, kí ẹ sì dá a dúró ní gbogbo ìgbà tí ìyàwó bá wà lórí ìtọ́jú, ẹ̀yin àti òun.

Bí mo bá yí ìgbé ayé mi padà, ìgbà wo ni yóò hàn?

Oṣù mẹ́ta. Irú ọmọ kan máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ 74 kí ó tó pé, ó tún ní ọ̀nà tí yóò rìn kí ó tó jáde. Àyẹ̀wò tí ẹ bá ṣe ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ẹ fi sìgá sílẹ̀ kò ní sọ nǹkan kan fún yín.

Wọ́n ní kò sí irú ọmọ rárá nínú àtọ̀ mi. Ṣé ó ti parí?

Kò tíì parí. Ohun méjì ló lè fà á. Ó lè jẹ́ pé kórópọ̀n ń ṣe irú ọmọ, àmọ́ ọ̀nà ti dí, bóyá nítorí àtọ̀sí àtijọ́ tàbí iṣẹ́ abẹ ìpá. Ó sì lè jẹ́ pé kórópọ̀n fúnra rẹ̀ ni kò ṣe é tó, nítorí họ́mónù, ìṣẹ̀dá tàbí ìpalára. Dókítà yóò tún àyẹ̀wò ṣe, yóò fọwọ́ yẹ ẹpọ̀n wò, yóò ní kí ẹ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún tẹstosterone àti FSH, họ́mónù tí ọpọlọ fi ń rán kórópọ̀n níṣẹ́, ó sì lè fi ti kúrómósóòmù, ìyẹn okùn inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá ìran, kún un.

Láti ọdún 1992 tí wọ́n ti kéde ICSI, ìyẹn fífi abẹ́rẹ́ gbé irú ọmọ sínú ẹyin ní lábù, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù, irú ọmọ ẹyọ kan péré ti tó fún ẹyin kan. Dókítà lè fi abẹ́rẹ́ tàbí iṣẹ́ abẹ kékeré mú un láti inú kórópọ̀n. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà ló dí, wọ́n sábà máa ń rí i. Bí ó bá jẹ́ ti kejì, wọ́n lè rí i, wọ́n sì lè má rí i, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ èyí kí ẹ tó sanwó.

Kí ni IUI, IVF àti ICSI? Ṣé ọmọ wa gan-an ni yóò jẹ́?

Nínú IUI, wọ́n á fọ àtọ̀ ọkọ, wọ́n á yan èyí tó ń rìn dáadáa, wọ́n á sì fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e sínú ilé ọmọ ní ọjọ́ tí ẹyin bá ń jáde. Ọ̀nà ẹyin gbọ́dọ̀ ṣí kí èyí tó wúlò. Nínú IVF, wọ́n á mú ẹyin jáde, wọ́n á jẹ́ kí ẹyin àti àtọ̀ pàdé nínú àwo ní lábù, wọ́n á sì dá ọlẹ̀, ìyẹn ẹyin tó ti gba irú ọmọ, padà sínú ilé ọmọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí márùn-ún. ICSI jẹ́ irú IVF tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún irú ọmọ kan wọ inú ẹyin kan, òun ni wọ́n sì sábà máa ń lò bí àtọ̀ bá kéré.

Bí ẹyin bá jẹ́ ti ìyàwó yín, tí àtọ̀ sì jẹ́ tiyín, ọmọ yín ni nínú ẹ̀jẹ̀ àti ìran. Ọmọ kì í dàgbà nínú ìgò gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ṣe ń sọ. Inú ìyá rẹ̀ ló ń wà fún oṣù mẹ́sàn-án. Ọdún 1978 ni wọ́n bí ọmọ IVF àkọ́kọ́ lágbàáyé, Louise Brown, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Nàìjíríà, ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ashiru àti Osato Giwa-Osagie ló ṣáájú iṣẹ́ tó mú ọmọ àkọ́kọ́ wá ní LUTH, Èkó, ní ọdún 1989.

Kí ni ìyàwó mi máa là kọjá lásìkò IVF?

Abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ fún nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 12, kí ẹyin púpọ̀ lè gbó lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú síkáànù àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láàárín rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni abẹ́rẹ́ ìkẹyìn tí yóò mú ẹyin pé, èyí tí wọ́n ń fi aago gún, nítorí pé nǹkan bí wákàtí 36 lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kó ẹyin jáde. Wọ́n á fi oògùn kùn ún lóorun nígbà tí wọ́n bá ń kó o. Bí wọ́n bá dá ọlẹ̀ padà, yóò máa lo oògùn progesterone, họ́mónù tó ń ran oyún lọ́wọ́ láti dúró, ẹ ó sì dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò oyún.

Ikùn tó ń wú díẹ̀, ọyàn tó ń dùn ún àti ìbínú tó yára dé kò ṣàjèjì. Ṣùgbọ́n bí ikùn bá wú gan-an, tí ó ń bì láìdáwọ́ dúró, tí ìtọ̀ rẹ̀ dín kù, tí mímí kò rọrùn fún un, tàbí tí ẹsẹ̀ kan wú tó sì ń dùn ún, ewu ni. Ẹ pe ọsibítù tó ń ṣe ìtọ́jú náà ní wàràǹṣeṣà, kódà bí ẹ bá ti padà sí Ìsánlú lóru, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù tó súnmọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ níbẹ̀ pé IVF ló ń ṣe.

Kí ni iṣẹ́ mi ní gbogbo àkókò yìí?

Iṣẹ́ pọ̀. Ẹ bá a lọ sí ìpàdé pẹ̀lú dókítà, kí ẹ máa gbọ́ ọ̀rọ̀ fúnra yín dípò kí ó máa wá ròyìn fún yín nílé. Ẹ jẹ́ kí fáìlì èsì méjèèjì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì kọ́ yín bí wọ́n ti ń gún abẹ́rẹ́ náà lábẹ́ awọ ikùn: ẹ fọwọ́, ẹ fún awọ pọ̀ díẹ̀, ẹ gún un, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó fà á yọ, kí ẹ sì yí ẹ̀gbẹ́ padà lọ́jọ́ kejì. Obìnrin tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ gún ara rẹ̀ lóròòru, tí ọkọ rẹ̀ wà ní pálọ̀ tó ń wo bọ́ọ̀lù, kì í gbàgbé.

Iná mànàmáná wa kò ṣeé gbọ́kàn lé, àwọn kan nínú oògùn náà sì gbọ́dọ̀ wà ní tútù. Ẹ béèrè èyí tó nílò fíríìjì àti èyí tí kò nílò rẹ̀. Kúlà kékeré àti yìnyín lè gba oògùn là, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí oògùn fara kan yìnyín gan-an, kí ó má baà dì. Aago abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, ẹ gbé e sórí fóònù àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ tí wọ́n bá kó ẹyin ni wọ́n ń fẹ́ àtọ̀ yín. Ọkọ tó wà lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nígbà náà ti fi gbogbo rẹ̀ sínú ewu. Bí iṣẹ́ yín bá ń gbé yín kiri, tàbí bí ẹ bá mọ̀ pé ìbẹ̀rù lè mú kí ara kọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba àtọ̀ yín ṣáájú, kí wọ́n sì dì í pamọ́. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọkùnrin tó le bí òkúta.

Nínú ọ̀sẹ̀ méjì ìdúródè, ẹ má máa bi í lójoojúmọ́ pé "ṣé o ti ń mọ nǹkan lára?" Ẹ pọn omi, ẹ gbé ìkòkò kaná, ẹ gba àlejò.

Ìyá mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń fún ìyàwó mi lọ́rùn. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ̀rọ̀, kì í ṣe òun. Gbogbo wa la mọ bí ìkíni ilẹ̀ wa ṣe ń rí: "Òkun o, ìyàwó wa, ilé ńkọ́?", kí ojú tó bọ́ sí ikùn rẹ̀, kí ẹnì kan tó ní "a ń retí o". Bí ẹ bá dákẹ́ lójú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ ti gbà pé òun ló jẹ̀bi. Ẹ lọ bá ìyá yín ní ẹ̀yin nìkan, ní ìkúnlẹ̀ tàbí ní ìdọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ, kí ẹ sọ pé: "Ìyá mi, èmi àti ìyàwó mi la jọ ń gba ìtọ́jú. Bí ẹ bá fẹ́ béèrè ohunkóhun, èmi ni kí ẹ bi." Kò pọn dandan kí ẹ sọ èsì àyẹ̀wò ẹnikẹ́ni fún ẹbí. Bí èsì tiyín ni kò dára, tí ẹ sì fẹ́ sọ ọ́, ẹ sọ ọ́ láìbojúwẹ̀yìn, yóò gba ìyàwó yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan.

Ní ti ìmọ̀ràn pé kí ẹ fẹ́ ìyàwó mìíràn: bí ó bá jẹ́ pé ara yín ni ọ̀rọ̀ wà, obìnrin kejì kò ní mú irú ọmọ pọ̀ sí i.

Èló ni, ṣé ó sì dájú pé yóò yọrí?

Kò dájú. Ní ibi tí iṣẹ́ yìí ti gbòòrò jù lágbàáyé pàápàá, ìgbìyànjú IVF tí kò yọrí sí ọmọ pọ̀ ju èyí tó yọrí lọ, bí ọjọ́ orí ìyàwó bá sì ti lé ní 40 pẹ̀lú ẹyin ara rẹ̀, àǹfààní náà a dín kù gidigidi. Ilé ìtọ́jú tó bá ṣèlérí ọmọ fún yín, ẹ dìde níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé nínú àwọn obìnrin tó jẹ́ ọjọ́ orí ìyàwó yín, mélòó ló gbé ọmọ lọ sílé. Iye tó lóyún nìkan kò tó.

Àbújá tàbí Ìlọrin ni àwọn ará wa sábà máa ń lọ, Ọsibítù Orílẹ̀-èdè tó wà ní Àbújá sì ní ẹ̀ka IVF. Bí wọ́n bá dá iye kan, ẹ béèrè bóyá oògùn wà nínú rẹ̀, bóyá ICSI yàtọ̀, àti iye tí wọ́n ń gbà lọ́dọọdún láti di ọlẹ̀ pamọ́ sínú òtútù. Ẹ fi owó ọkọ̀ àti ibùsùn kún un. Ẹ má ta ilẹ̀ ìdílé tàbí gbogbo kajú ọdún kan nítorí ìgbìyànjú kan ṣoṣo.

Àwa méjèèjì jẹ́ AS. Ǹjẹ́ IVF lè ràn wá lọ́wọ́?

Ó lè ràn yín lọ́wọ́. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, àǹfààní kan nínú mẹ́rin wà pé ọmọ yóò jẹ́ SS. Pẹ̀lú IVF, wọ́n lè mú sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ lára ọlẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì dá èyí tí kì í ṣe SS nìkan padà. Owó rẹ̀ ga ju IVF lásán lọ, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ìtọ́jú ló ń ṣe é.

Kí ni ẹ̀sìn sọ?

Ìjọ Kátólíìkì kò fọwọ́ sí IVF, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fọwọ́ sí ìtọ́jú tó ń ran ìbálòpọ̀ tọkọtaya lọ́wọ́ láti so èso. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù gba IVF láàárín ọkọ àti ìyàwó, púpọ̀ jù nínú wọn kò sì gba àtọ̀ tàbí ẹyin ẹlòmíràn. Láàárín àwọn ìjọ yòókù, ẹnu kò kò. Ẹ jọ pinnu kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àárín abẹ́rẹ́ kì í ṣe àkókò àríyànjiyàn. Bí wọ́n bá ní kí ìyàwó yín gbààwẹ̀ láìmu omi, kí ó sì dá oògùn dúró, ẹ sọ fún dókítà ná.

Èsì jáde, kò sí oyún. Tàbí oyún dúró, ó sì bàjẹ́. Kí ni kí n sọ fún un?

Ọ̀rọ̀ kò gbọ́dọ̀ pọ̀. "Ó dùn mí. Mo wà níbí." Ẹ má sọ pé "a ó tún gbìyànjú" lọ́jọ́ náà, ẹ má sì ka iye owó tó ti lọ. Ẹ jẹ́ kí ó sunkún, kí ẹ̀yin náà sunkún bí ó bá wá. Àwọn ọkùnrin kan máa ń sá lọ sí oko tàbí ibi iṣẹ́ títí di òru, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ojú wọn, ìyàwó a sì gbà pé òun nìkan ni ó dùn.

Kì í ṣe ẹrù tó gbé tàbí ìrìn àjò mọ́tò ló mú kí ọlẹ̀ má dúró. Àbùkù nínú kúrómósóòmù ọlẹ̀ ni ìdí tó wọ́pọ̀ jù tí oyún fi ń bàjẹ́ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ sọ èyí fún un, kí ẹ sì sọ ọ́ létí àwọn tó bá ń béèrè ohun tó ṣe. Bí oorun bá dá lójú ẹnikẹ́ni nínú yín fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, tàbí tí ó ń sọ pé kí òun kúkú kú, ẹ wá dókítà fún ìyẹn pẹ̀lú.

Wọ́n dábàá pé kí a lo àtọ̀ ọkùnrin mìíràn. Báwo ni kí a ṣe rò ó?

Ẹ má yára gbà á, ẹ má sì yára kọ̀ ọ́. Ọmọ náà kò ní gbé ìran yín nínú ẹ̀jẹ̀, àmọ́ ẹ̀yin ni yóò mọ̀ ní bàbá láti ọjọ́ tí wọ́n bá bí i. Bí inú yín kò bá lè gbà á, ẹ sọ ọ́ nísinsìnyí, kí ọmọ tó wà. Ọkọ tó fọwọ́ sí i nítorí pé ó ń bẹ̀rù kí ìyàwó má fi òun sílẹ̀ lè wá máa fi ọmọ náà ṣe ẹ̀sín nígbà tí ìjà bá dé.

Àwọn ẹbí kan máa ń dábàá pé kí àbúrò ọkọ ran ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́ ní kọ̀rọ̀, nípa ìbálòpọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ipá gbé irú èyí lé obìnrin lórí, kò sì sí àyẹ̀wò tó dáàbò bò ó níbẹ̀. Ní ilé ìtọ́jú tó mọ iṣẹ́, wọ́n á yẹ olùfúnni wò fún HIV, àrùn ẹ̀dọ̀ àti jínótáìpù, wọ́n á di àtọ̀ rẹ̀ pamọ́ fún oṣù díẹ̀, wọ́n á sì tún yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó lò ó.

Ọ̀rọ̀ bóyá ẹ ó sọ fún ọmọ náà lọ́jọ́ iwájú jẹ́ tiyín láti pinnu, ẹ sì rántí pé àyẹ̀wò jínótáìpù tí wọ́n ń ṣe fún ìgbéyàwó lè tú u fó bí ti ọmọ kò bá bá tiyín mu. Fọ́ọ̀mù ìgbàláàyè yóò béèrè orúkọ àti ìbuwọ́lù ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ gbé e lọ sílé, kí ẹ jọ kà á ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì padà lọ béèrè ohun tí kò bá yé yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i.